Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lójú oorun nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ó ní kí n ka àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn èdè Gẹ̀ẹ́sì, n óò kà wọ́n tán láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Olùkọ́ wa ti kọ wọ́n sójú pátákó, ó sì kọ ìtumọ̀ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: "in" ni "nínú", "on" ni "lórí", "under" ni "lábẹ́", "to" ni "sí", "from" ni "láti", "with" ni "pẹ̀lú", "at" sì ni "ní". A há gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà ìdánwò, wọ́n ya àwòrán bọ́ọ̀lù àti àpótí, wọ́n ní kí a sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, mo sì gba gbogbo máàkì náà. Ìgbàgbọ́ tí mo gbé kúrò nínú kíláàsì yẹn ni pé ẹni tí ó bá ti mọ ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá ti mọ̀ wọ́n tán. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo gbé dé ẹnu iṣẹ́, òun ni ó sì kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀, nítorí mo ń rí àwọn tí ó ṣì ń tọ ọ̀nà kan náà, n kò sì fẹ́ kí ojú wọn rí ohun tí ojú mi rí.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà ni kíkọ ìjábọ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, èmi ni mo máa ń kó ìṣirò owó tí a ná jọ, tí mo sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn alábòójútó. Ní ìgbà kan tí a ti ṣọ́wó ná gidigidi, inú mi dùn láti kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní pé "our running costs were reduced to 15 percent". Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé, bí ó bá jẹ́ pé 100 ni a ń ná tẹ́lẹ̀, a ti yọ 15 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 85. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé nínú 100 tí a ń ná tẹ́lẹ̀, 15 péré ni a ń ná báyìí. Ọ̀gá mi gbẹ́kẹ̀ lé mi, kò sì tún ìṣirò náà ṣe kí ó tó kà á síta ní ìpàdé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó béèrè pé irú ìyanu wo nìyẹn. Ọ̀gá mi dìde láti gbèjà ohun tí mo kọ, ó ṣí ojú ewé tí iye owó gan-an wà, ó wò ó títí, ó sì dákẹ́. Mo wà nínú yàrá náà. Ẹnu mi wọlé ṣinṣin, n kò sì lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni títí ìpàdé fi parí.

Wọn kò lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kò sí ìwé tí mo kọ tí ẹlòmíràn kì í kọ́kọ́ kà kí ó tó jáde. Èyí dùn mí ju ìbáwí lọ, nítorí pé òye ìṣirò mi kò yingin rárá. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ni ó ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́.

Àṣìṣe tí mo ṣe lẹ́yìn èyí tún wá gba àkókò mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rò pé àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn tí mo mọ̀ kò pọ̀ tó ni, nítorí náà mo wá àkójọ tí ó gùn ju ti ilé ìwé lọ, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí, láti "aboard" dé "without". Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ sínú rẹ̀, síbẹ̀ àṣìṣe inú ìwé mi kò dín kù. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ń dà mí láàmú kò sí lára àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n. "To", "by", "in", "on", "at", "for", "of" ni wọ́n, àwọn tí mo ti mọ̀ láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n kan, obìnrin tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ni ó là mí lójú. Òun ni wọ́n ní kí ó máa ka ìwé mi. Ní ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní kí n fa àga kí n jókòó, ó sì mú pẹ́ńsù.

"Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá," ni ó wí. "Kí ni a ṣe sí owó yẹn?"

Mo ní, "A fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù, mà."

"Ó wá dé ibo?"

"Ó dé márùndínláàádọ́rùn-ún, mà."

Ó fa ìlà gbọọrọ kan sórí ìwé. Ó kọ 100 sí ìkángun kan, ó sàmì sí ibi kan lórí ìlà náà, ó kọ 85 síbẹ̀. Ó wá fi pẹ́ńsù tọ àlàfo tí ó wà láàárín àmì méjèèjì. Ó ní, "Ibi tí ó dé ni 'to'. Ìwọ̀n ìrìn tí ó rìn kí ó tó dé ibẹ̀ ni 'by'. O rí i pé ìwọ fúnra rẹ ti fi ìyàtọ̀ sí i nígbà tí o sọ ọ́ ní Yorùbá: o pe ọ̀kan ní 'fi dín', o pe èkejì ní 'dé'. Má wá ìtumọ̀ 'to' mọ́. Wá ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbi tí ó dúró sí."

Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo kọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́rin sílẹ̀: mo jí ní agogo mẹ́fà; mo rí i ní ọjọ́ Ajé; wọ́n bí i ní oṣù Ẹrẹ́nà; mo parí ẹ̀kọ́ ní ọdún 2009. "Ní" kan ṣoṣo ni ó ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kọ Gẹ̀ẹ́sì wọn sí abẹ́: "at six o'clock", "on Monday", "in March", "in 2009". Ojú mi là. Àkójọ tí ó sọ fún mi pé "at" ni "ní" kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé "on" àti "in" náà ń ṣe iṣẹ́ "ní". Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé wákàtí àti ìṣẹ́jú ń gba "at", ọjọ́ kan pàtó ń gba "on", àkókò tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí oṣù, ọdún àti ọgọ́rùn-ún ọdún, sì ń gba "in".

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi ronú jinlẹ̀ nípa èdè tiwa náà, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ìṣòro ọmọ Yorùbá wà. Nínú Yorùbá, "ní" kàn ń fi hàn pé ibì kan tàbí ìgbà kan ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń ru ẹrù ìtumọ̀. "Lórí" jẹ́ "ní" àti "orí", "nínú" jẹ́ "ní" àti "inú", "lábẹ́" sì jẹ́ "ní" àti "abẹ́". Gẹ̀ẹ́sì gbé irú ẹrù yìí ka ọ̀rọ̀ atọ́kùn fúnra rẹ̀ lórí, kò sì pín in bí a ṣe ń pín in. Ìwé wà lórí tábìlì, wọ́n á ní "on". Iná tí a fi kọ́ sókè wà lórí tábìlì kan náà láìfara kàn án, wọ́n á ní "over". Àwòrán wà lára ògiri, kò sí "orí" níbẹ̀ rárá lójú tiwa, síbẹ̀ "on" ni wọ́n tún ń lò, nítorí pé ohun kan fara kan ojú ohun mìíràn.

Ìdí kejì yà mí lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ọ̀rọ̀ ìṣe ni àwa ń lò níbẹ̀. A máa ń sọ pé ó fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n á ní "with a knife". A ní ó bá mi lọ, wọ́n á ní "with me". A ní ó gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n á ní "through the window". A ní wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n á ní "around him". "Fi", "bá", "gbà" àti "yíká" kò sí nínú àkójọ olùkọ́ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni a sábà máa ń pè wọ́n. Ẹni tí ó bá ń ti inú Yorùbá túmọ̀ yóò máa wá "with" lábẹ́ "pẹ̀lú", nígbà tí "fi" wà níwájú rẹ̀ tí kò dá a mọ̀.

Èyí tí mo rò pé ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé àwọn ènìyàn wa ni fífi ọ̀rọ̀ atọ́kùn síbi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti fẹ́ ẹ. A ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀, nítorí náà mo máa ń kọ "discuss on the matter", nígbà mìíràn "discuss about". A ń béèrè fún ìwé, mo sì ń kọ "I request for the letter". Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yìí sàmì sí wọn, mo bá a jiyàn, nítorí pé mo ti rí "request for" nínú ìwé tí ó yanrantí. Ó ní kí n padà lọ wò ó dáadáa. Mo lọ, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni "request" jẹ́ nínú ìwé yẹn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, abọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e tààrà: "request the letter", "discuss the matter", "emphasise the point". Bí ó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn ń wọlé: "a request for the letter", "a discussion about the matter", "emphasis on the point". Ìmọ̀ kan yìí nìkan mú ìdajì àmì pupa kúrò nínú ìwé mi. "Enter" náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí: a kì í "enter into" yàrá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè "enter into" àdéhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti dáwọ́ kíkọ ọ̀rọ̀ atọ́kùn ní òun nìkan dúró. Mo ra ìwé kékeré kan, n kò sì jẹ́ kọ "depend" sínú rẹ̀. "Depend on" ni mo ń kọ, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí ó jẹ mọ́ ìgbésí ayé mi. "Good at", "afraid of", "interested in", "responsible for", "married to": bí ẹni ń kọ orúkọ àti orúkọ bàbá ni mo ṣe kọ wọ́n. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè tí a ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn tí ó bá ọ̀rọ̀ kan rìn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí nínú àpẹẹrẹ. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kìkì láti wo ìtumọ̀, tí mo sì ń pa á dé kí n tó dé orí àpẹẹrẹ. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. "Look" kò yí padà, ṣùgbọ́n "look after" ni kí a tọ́jú, "look for" ni kí a wá, "look into" sì ni kí a ṣèwádìí. Inú àpẹẹrẹ ni èyí ti ń hàn.

Mo tún kọ́ láti máa tẹ ọ̀rọ̀ méjì tí mo bá ń ṣiyè méjì lé lórí sínú Google, láàárín àmì àyọlò, kí n lè rí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń lò wọ́n pọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó tàn mí jẹ ní ìgbà kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá "married with" tọ̀nà, mo sì rí i lọ́pọ̀ yanturu, mo wá lò ó láti sọ pé ẹnì kan fẹ́ ẹnì kan. Wọ́n tún un ṣe fún mi. Nígbà tí mo padà ka àwọn gbólóhùn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "married with two children" ni wọ́n, ìyẹn ni pé ẹni náà ti ṣègbéyàwó, ó sì ní ọmọ méjì. Ọkọ tàbí aya kọ́ ni "with" ń tọ́ka sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka gbogbo gbólóhùn náà. Iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ fara hàn kò tó ẹ̀rí.

Ní ti ibi tí nǹkan wà, àwòrán mẹ́ta ni mo fi rọ́pò ìtumọ̀ Yorùbá. "At" ń wo ibi náà bí ojú kan ṣoṣo, "on" ń wò ó bí ojú pẹrẹsẹ tàbí ìlà, "in" sì ń wò ó bí ohun tí ó yí nǹkan ká. Ìdí nìyí tí a fi ń "arrive at" ibùdókọ̀, tí a sì ń "arrive in" orílẹ̀-èdè kan. "Arrive to" kò sí. Ọkọ̀ da àwòrán yìí rú fún mi fún ìgbà díẹ̀, nítorí "in a car" ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n "on a bus", "on a train", "on a plane". Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ọkọ̀ tí ènìyàn lè dìde rìn nínú rẹ̀ sábà máa ń gba "on". Àwọn ibì kan sì wà tí kò sí ìdí kankan tí a lè dì mú; ní Gẹ̀ẹ́sì ti Bìrìtìkó, "at the weekend" ni wọ́n ń sọ, ní ti Amẹ́ríkà, "on the weekend".

Àkókò ni ó tún na mí ní pàṣán lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ̀wé sí ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn pé ìpàdé orí ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ "by 10", bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́. Ó wọlé ní agogo mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, ó sì jókòó níbẹ̀ lóun nìkan, nítorí pé lọ́dọ̀ rẹ̀, "by 10" ni pé kò ní kọjá mẹ́wàá, ó sì lè ṣáájú rẹ̀. "At 10" ni mo ní lọ́kàn. Mo tọrọ àforíjì, mo sì fi àkókò yẹn kọ́ ìyàtọ̀ "by" àti "until" pọ̀ mọ́ ọn: ohun tí yóò máa bá a lọ láìdúró títí di ọjọ́ Ẹtì ń gba "until Friday", ohun tí a ó ṣe lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ń gba "by Friday". "Láti" pẹ̀lú ń fẹ́ ìṣọ́ra. Àwa ń sọ pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n "since three years" kò tọ̀nà. "Since" ń fẹ́ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, bí "since 2015". "For" ń fẹ́ bí ó ṣe pẹ́ tó, bí "for three years".

Gbólóhùn kan wà tí mo fi parí gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi fún ọdún púpọ̀: "I look forward to hear from you". N kò mọ̀ pé ó ní àbùkù, nítorí pé mo mọ̀ pé "to" máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe. "To" méjì ni ó wà, ọ̀kan nìkan nínú wọn ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Bí o bá lè fi ọ̀rọ̀ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí "I look forward to your reply", ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni, ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá sì tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ ní "-ing" ní ìparí: "to hearing from you". "Used to" nínú "I am used to working at night" náà ń tẹ̀ lé òfin yìí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin tí kì í ṣe òfin dẹ́rù bà yín. Wọ́n ti kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ atọ́kùn kò gbọdọ̀ gbẹ̀yìn gbólóhùn, mo sì ń lọ́ ọ̀rọ̀ mi lọ́rùn kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1672 ni akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan, John Dryden, fi ẹ̀sùn yìí kan Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré tí ó ti kú tipẹ́, àwọn olùkọ́ girama ìgbà tí ó tẹ̀ lé e sì gbé e lárugẹ. "Who are you waiting for?" tọ̀nà pátápátá, ó sì yẹ ẹnu ju "For whom are you waiting?" lọ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Etí mi ni mo tọ́ gbẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, nítorí náà etí wa ń retí kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dún ketekete. Àwọn tí ó ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé "of", "to", "at" àti "for" mì nínú gbólóhùn, tí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Mo ti gbọ́ "depend on" àti "consist of" láìmọye ìgbà láìgbọ́ ìdajì wọn kejì. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lójoojúmọ́, èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà ní kíkọ. Mo ń kọ ohun tí mo gbọ́, mo sì ń fi wé èyí tí wọ́n kọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí mo pàdánù. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹrin, etí mi ti ń mú wọn.

Ní báyìí, èmi náà ni mo ń ka ìwé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí "increased to 20 percent" nínú ìjábọ̀ ọmọkùnrin kan, mo sì ní kí ó wá. Mo fa ìlà sórí ìwé, mo kọ 100 sí i, mo fún un ní pẹ́ńsù, mo ní kí ó fi ibi tí iye náà dé hàn mí. Ó ronú díẹ̀, ó sàmì sí ibi tí 120 wà, ó sì pa "to" rẹ́ kí n tó lanu.